Àbúrò Bàbá Mi Tí Gbogbo Ìlú Ń Pè Ní Lọ́yà

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Òsì, ẹnì kan ṣoṣo ni gbogbo ìlú ń pè ní Lọ́yà, àbúrò bàbá mi sì ni. Ẹ̀yin ọmọ òde òní lè máà mọ bí orúkọ náà ṣe tóbi tó lẹ́nu àwọn èèyàn nígbà yẹn. Lónìí, kò sí agbo ilé tí ẹ ó yà sí lágbègbè wa, láti Ìlọ́fà dé Ìdòfin títí dé Ararọ̀mí-Ọ̀pin, tí ẹ kò ní bá ọmọ tó ń kọ́ ìmọ̀ òfin tàbí tó ti kọ́ ọ tán. Nígbà tiwa, òun nìkan ni. Bó bá ń bọ̀ wálé láti Ìlọrin, kí ọkọ̀ tó gbé e tó dúró lójú títì, ìròyìn ti dé ilé. Àwọn ọmọdé á sáré lọ gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọkùnrin tó jókòó níwájú ilé wọn á dìde dúró kí i, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ wọn ni.

Àwa ọmọ ilé kì í pè é ní Lọ́yà. Bàbá Kékeré là ń pè é. Ó ga, ó rí pẹ́lẹ́ńgẹ́, ohùn rẹ̀ kò sì le. Yèyé, ìyá tó bí òun àti bàbá mi, máa ń sọ pé láti kékeré ni ọmọ náà ti jẹ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ máa ń pẹ́ nínú rẹ̀ kó tó jáde. Mo fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Òun nìkan ni àgbà tó máa ń béèrè ohun tí mo rò lọ́wọ́ mi, tí á sì dúró títí tí mo fi máa dáhùn.

Lọ́dún kan, àwọn àgbà ìjọ ní kó wọ aṣọ kóòtù rẹ̀ wá sí ìsìn Ìkórè. Ó ní aṣọ iṣẹ́ ni, kì í ṣe aṣọ ìsìn. Bàbá mi bá a wí, ó ní ìlú fẹ́ fojú rí ohun tí wọ́n gbàdúrà fún ni. Ó bá wọ̀ ọ́. Mo rí i bó ṣe ń rìn bọ̀ láàárín àwọn àga, tí gáùn dúdú ń fẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, tí wíìgì funfun wà lórí rẹ̀ bí irun àgùntàn. Àtẹ́wọ́ bo ohùn dùùrù mọ́lẹ̀. Èmi náà pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta mí. Nígbà tó dé iwájú, ó yíjú sí wa kó lè kí ìjọ, mo sì rí i pé òógùn ti bo gbogbo ojú rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ti ń fẹ́ nígbà náà. Ó la ẹnu, ó tún pa á dé. Àwọn èèyàn rò pé ayọ̀ ni kò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀.

Tó bá wálé, kò ní ìsinmi kankan. Kó tó jẹun àárọ̀ tán, èrò ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ẹni tí wọ́n gba oko mọ́ lọ́wọ́ á wá, ẹni tí ọlọ́pàá mú ọmọ rẹ̀ á wá, opó tí àwọn ẹbí ọkọ fẹ́ lé jáde nílé á gbé ọmọ pọ̀n wá. Ó máa ń gbọ́ ti gbogbo wọn. Ní Ìlọrin pàápàá, yàrá kan ló ní, àwọn ará ìlú tó wá ṣe ẹjọ́ ló sì ń sùn lórí ibùsùn rẹ̀, òun á tẹ́ ẹní sílẹ̀. Ọ̀gá tó ń bá ṣiṣẹ́ á kó fáìlì lé e lọ́wọ́ ní ọjọ́ Sátidé, á ní kó mọ gbogbo rẹ̀ kó tó di àárọ̀ Ajé. Bàbá mi máa ń fi èyí yangàn láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ kì í jẹ́ kí àbúrò òun ráyè jẹun.

Ìgbà tí òjò ń rọ̀ gan-an ni Bàbá Kékeré wálé láìsí ẹni tó ń retí rẹ̀. A ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fọ àwo oúnjẹ ọ̀sán ni mo gbójú sókè tí mo rí i lẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìn, omi ń kán lára rẹ̀. Ó ti rù. Kò gba iwájú ilé wọlé, kí àwọn aládùúgbò má baà rí i. Yèyé bọ́ aṣọ tó ti rin gbingbin lára rẹ̀ bí ẹni ń bọ́ aṣọ ọmọ ọwọ́, ó sì ní, "Wọ ulé, ọmọ mi, wọ ulé." Bí àwa ará ibẹ̀ ṣe ń pe ilé nìyẹn, etí mi ṣì ń gbọ́ ohùn rẹ̀ di òní.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ni Bàbá Kékeré ń jókòó sí. Kì í jẹun tó nǹkan. Kì í sùn. Tí ẹnikẹ́ni bá gba iwájú ilé kọjá, tó sì kígbe pé, "Ṣé Lọ́yà wà nílé?", á dìde, á sì wọ inú lọ. Bàbá mi pàṣẹ fún gbogbo wa pé tí èèyàn bá béèrè, kí a sọ pé ó ń kàwé fún ẹjọ́ ńlá kan. Mo sọ bẹ́ẹ̀ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Wọ́n á mi orí, wọ́n á rọra rìn lọ kí wọ́n má baà dí i lọ́wọ́.

Àwọn kan nínú ẹbí ní ayé ló ń ṣe é, pé ojú ìlara ti pọ̀ jù. Wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ wòlíì aládùúrà kan, wọ́n fi omi àdúrà wẹ̀ ẹ́. Ó ń tẹ̀ lé wọn láìjiyàn. Yèyé nìkan ni kò sọ pé ẹnikẹ́ni ló ń ṣe é. Ó kàn ń jókòó tì í, ó ń pa ẹ̀kùrọ́, èmi náà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo ń ṣa ọmọ ẹ̀kùrọ́ sínú igbá. Ìgbà tó yá ni Bàbá Kékeré sọ̀rọ̀, kò sì dà bí ẹni tó mọ̀ pé mo wà níbẹ̀.

Ó ní òun gba ẹjọ́ ọmọkùnrin àgbẹ̀ kan rò, wọ́n ní ó jí màlúù. Ó ní ó dá òun lójú pé ọmọ náà kò jí nǹkan kan. Ó rẹ òun débi pé ní ọjọ́ ẹjọ́, òun kò lè rántí ìbéèrè tó yẹ kí òun bi ẹlẹ́rìí. Wọ́n rán ọmọ náà lẹ́wọ̀n. Bí òun ṣe jáde, ìyá ọmọ náà dì mọ́ gáùn òun lórí àtẹ̀gùn, kò bú òun, kò ṣépè, ó kàn ń wí pé, "Lọ́yà, ẹ padà wọlé, ẹ lọ tún un sọ fún wọn."

"Láti ìgbà yẹn, Yèyé," ó ní, "bí mo bá dìde ní kóòtù, etí mi á dí. Màá rí ẹnu adájọ́ tó ń lọ, n kò ní gbọ́ ohun tó ń sọ."

Yèyé dáwọ́ ẹ̀kùrọ́ pípa dúró. "Ṣé o sọ fún ọ̀gá rẹ?"

"Mo sọ fún un. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní gbogbo wọn ló kọ́kọ́ rí bẹ́ẹ̀, pé ara mi á le."

"Ó dára. Má padà lọ mọ́. Ilẹ̀ wà níbí. Ẹ̀gẹ́ wà lóko."

Mo rí i pé ó gbé orí sókè. Bí àwọn èèyàn bá fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ nígbà náà, mo gbà pé ì bá yè bọ́ nínú ohun tó dé bá a. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá wa lọ sóko. Ó ń jẹ iṣu sísun. Ó tiẹ̀ fi igi gbẹ́ mọ́tò kan fún àbúrò mi ọkùnrin.

Àmọ́ ẹbí wa ń bá ẹbí mìíràn ṣe ẹjọ́ lórí ilẹ̀ kan lọ́nà Ìdòfin, ẹjọ́ náà sì ti dé kóòtù ńlá ní Ìlọrin. Àwọn àgbà ilé wá bá bàbá mi, wọ́n ní a kò lè ní lọ́yà nílé ká tún máa wá lọ́yà kiri. Yèyé sọ fún wọn pé ara ọmọ náà kò yá. Wọ́n ní kí ló ń ṣe é tí kò hàn lójú? Kò ní ibà, kò wúkọ́, ó ń lọ sóko. Yèyé tún un sọ fún wọn, ẹ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n ṣe ń dìde lọ. Bàbá mi bínú sí i, ohun tí n kò rí rí láyé mi. Ó ní, "Yèyé, ẹ fẹ́ kí ìlú fi wá rẹ́rìn-ín ni? Ojú lásán ló ń tì í. Tó bá wọ aṣọ rẹ̀ báyìí, gbogbo rẹ̀ á bọ́ sípò."

Bàbá Kékeré gbà láti lọ. N kò rò pé ẹnikẹ́ni bi í bóyá ó fẹ́.

Yèyé ní òun gbọ́dọ̀ bá wọn lọ. Ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, èmi ni mo ń dì í lọ́wọ́ mú, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà ṣe dé kóòtù fún ìgbà àkọ́kọ́. Àwọn ará ilé wa kún ọwọ́ ọ̀tún, àwọn ẹbí kejì kún ọwọ́ òsì. Wọ́n pe ẹjọ́ wa. Bàbá Kékeré dìde. Ó di etí tábìlì mú. Adájọ́ sọ̀rọ̀, ó dúró, ó tún sọ̀rọ̀. Mo ń wo ẹ̀yìn Bàbá Kékeré, mo sì rí i pé gáùn náà ń gbọ̀n bí ẹni pé atẹ́gùn wà nínú ilé. Yèyé ń bi mí létí pé, "Kí ló ń wí? Kí ló ń wí?" N kò mọ ohun tí màá sọ fún un, nítorí kò wí nǹkan kan.

Lọ́yà tó ń gbèjà àwọn ẹbí kejì ló gbà á sílẹ̀. Ọkùnrin náà dìde wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ní, "Olúwa mi, ara ọ̀rẹ́ mi kò yá. Mo bẹ ilé ẹjọ́ kí wọ́n sún ẹjọ́ yìí síwájú." Adájọ́ gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ará ẹ̀yìn ti ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Bàbá mi dìde, ó jáde síta, kò wẹ̀yìn. Bàbá Kékeré ṣí wíìgì lórí, ó gbé e sórí tábìlì, ó gba ẹnu ọ̀nà ẹ̀gbẹ́ jáde. Nígbà tí èmi àti Yèyé fi máa la àárín èrò já síta, kò sí níbẹ̀ mọ́. Yèyé dúró sójú títì, ó ń pe orúkọ àbísọ rẹ̀, àwọn ọlọ́kọ̀ ń fun fèrè, wọ́n ń yà fún un.

Kò padà sílé. Ìgbà tó yá ni awakọ̀ kan tó ń kó iṣu mú ìròyìn wá pé òun rí i ní abúlé kan ní òkè odò, lápá àríwá, pé ó ń ṣe tíṣà níbẹ̀. Yèyé bẹ bàbá mi pé kó lọ wò ó. Bàbá mi ní òun á lọ tí iṣẹ́ oko bá dín kù. Iṣẹ́ oko dín kù, ó tún pọ̀, ó tún dín kù. Tí ọkọ̀ bá ti dúró lójú títì, Yèyé á fọwọ́ tọ́ ògiri jáde, á bi mí pé, "Ta ló sọ̀ kalẹ̀?" Màá dárúkọ ẹni náà fún un, á sì padà wọlé. Kò rí ọmọ rẹ̀ mọ́ títí ó fi kú.

Mo ti wà ní yunifásítì nígbà náà, mo ń kọ́ ìmọ̀ òfin. Ẹ má bi mí ìdí tí mo fi yàn án. Bóyá mo rò pé bí mo bá ṣe é dáadáa, ìlú á gbàgbé ti àkọ́kọ́. Èmi náà ò sì ṣe é dáadáa. Mo ń kàwé títí ojú á fi máa pọ́n mi, ẹ̀rù ń bà mí kí wọ́n tó pe orúkọ mi ní kíláàsì bí ẹni pé wọ́n fẹ́ mú mi. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Gbogbo wa ló rí bẹ́ẹ̀, kò sì sẹ́ni tó ń sọ ọ́, torí ẹni tó bá sọ ọ́, wọ́n á ní kò kún ojú òṣùwọ̀n.

Bàbá Kékeré wá sí ìsìnkú ìyá rẹ̀. N kò mọ ẹni tó sọ fún un. Ó dúró lẹ́yìn gbogbo èrò nínú bùbá àti ṣòkòtò tí kò ní iṣẹ́ ọnà kankan lára, irun rẹ̀ ti ń funfun. Ọ̀pọ̀ èèyàn rí i, wọ́n sì ṣe bí ẹni tí kò rí i. Mo lọ kúnlẹ̀ kí i. Ó fà mí dìde.

"Wọ́n ní ìwọ náà ti ń kà á," ó wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ta lò ń sọ fún tí kò bá lọ dáadáa?"

Mo ní, "Mo máa ń gbàdúrà, sà."

"Ó dára. Máa gbàdúrà. Ṣùgbọ́n wá èèyàn kan kún un, ẹni tó máa dá ọ lóhùn. Kó má ṣe jẹ́ ẹni tó ń fi ọ́ yangàn."

Mo ní, "Ẹ̀yin ṣáà ní Yèyé."

Ó wo ibi tí wọ́n ti ń kó yẹ̀pẹ̀ lé pósí. Ó ní, "Yèyé gbọ́ mi. Ìgbà tí wọ́n wá mú mi, kò sẹ́ni tó gbọ́ Yèyé."

Kò dúró jẹun. Bàbá mi wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn àlejò, àwọn méjèèjì kò rí ara wọn sójú.

Mo ṣe iṣẹ́ lọ́yà títí mo fi fẹ̀yìn tì. Mo tẹ̀ lé ohun tó sọ fún mi. Obìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ìlọ́fà, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní Ìlọrin, ni mo máa ń sọ ọ́ fún, òun náà á sọ tirẹ̀ fún mi. Àwa méjèèjì á jókòó sínú mọ́tò rẹ̀, a ó sunkún, a ó nu ojú, a ó wọlé lọ sọ pé, "Olúwa mi." Bóyá ohun tó jẹ́ kí n lè ṣe iṣẹ́ náà dé òpin nìyẹn. Mo rí àwọn tí kò ṣe é dé òpin. Mo rí ọkùnrin kan tó mọ òfin ju gbogbo wa lọ, tó ń mu ọtí nínú ife tíì láàárọ̀, a sì ń bá a rẹ́rìn-ín. Mo rí ọmọbìnrin kan tó dákú sílẹ̀ nínú ọ́fíìsì, tí ọ̀gá rẹ̀ sì kọ́kọ́ béèrè ibi tó fi fáìlì sí kó tó béèrè omi.

Nígbà tí ìròyìn ikú Bàbá Kékeré dé, bàbá mi ti darúgbó. Mo gbé e lọ sí abúlé náà nínú ọkọ̀ mi, ọ̀nà jìn. Àwọn ará abúlé ti sin ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ iléèwé. Àwọn tó ti kọ́ níwèé yí ọkọ̀ wa ká, àwọn mìíràn ti di bàbá ọmọ. Wọ́n ní Tíṣà ló kọ́ àwọn ní orin, Tíṣà ló ń bá àwọn gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n ní tó bá ń rẹ́rìn-ín, ẹni tó wà létí odò á gbọ́ ọ. Bàbá mi jókòó sínú ọkọ̀, ó ti ṣílẹ̀kùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà nílẹ̀, kò lè sọ̀ kalẹ̀. Ó pe ọ̀kan nínú wọn mọ́ra.

"Ṣé ó máa ń rẹ́rìn-ín lóòótọ́?"

Ọkùnrin náà ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá, gan-an ni. Bàbá mi fi ọwọ́ bo ojú. A gbé ẹ̀rín ọmọ wa sọnù, àwọn àjèjì sì ló rí i he.

Ẹ̀yin ọmọ mi, nǹkan ti yàtọ̀ sí ti ìgbà náà, n kò ní sẹ́ ẹ. Nígbà náà a kò ní orúkọ fún ohun tó ṣe Bàbá Kékeré, àfi ká ní ayé ló ń ṣe é tàbí pé ojú ń tì í. Lónìí, mo gbọ́ pé àwọn dókítà wà fún un, pé àwọn ọ̀dọ́ lọ́yà mìíràn tiẹ̀ máa ń kóra jọ láti sọ ọ́ fún ara wọn. Ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà kò fúyẹ́ sí i. Nígbà tiwa, tí o bá ti kúrò ní ọ́fíìsì, ọ̀gá ò rí ọ mọ́. Nísinsìnyí, inú àpò ẹ̀wù yín ni ọ̀gá wà, ó ń pè yín ní ọjọ́ Ìsinmi, ó ń pè yín níbi ìsìnkú. Ìlú sì wà bó ṣe wà. Ọmọ kò tíì ṣe ìdánwò àkọ́kọ́ tí wọ́n ti ń pe ìyá rẹ̀ ní Ìyá Lọ́yà ní ṣọ́ọ̀ṣì.

Òsì ni mo ti padà wá ń gbé. Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Àbújá, ọmọ rẹ̀ sì wà lọ́dọ̀ mi báyìí. Iléèwé òfin ló ti kúrò wá láìsọ fún bàbá rẹ̀. Ọ̀kadà ló gbé e dé láti Ararọ̀mí-Ọ̀pin, n kò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́. Ó ti sọ díẹ̀ fún mi. Kò tíì sọ tán. Ó ń sunkún nínú ilé ìwẹ̀, ó ń ṣí omi sílẹ̀ kí n má baà gbọ́.

Bàbá rẹ̀ pè mí lánàá. Ó ní òun ń bọ̀ wá mú un padà, pé àwọn ará ilé ti ra aṣọ sílẹ̀ de ọjọ́ tó máa di lọ́yà, pé ọ̀lẹ lásán ni. Mo sọ fún un pé ara ọmọ náà kò yá. Ó ní kí ló ń ṣe é? Mo tún un sọ. Ó já ìpè mọ́ mi létí. Ó ṣeé ṣe kó ti wà lójú ọ̀nà nísinsìnyí. Mo ti gbé àga mi sí ẹnu ọ̀nà, mo sì jókòó sórí rẹ̀.